Ẹrẹ̀ Tí Wọ́n Pè Mí Wò ní Gáḿbíà

Bíyìí Ọ̀ṣínlójú ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣe mí níbi láyé. Mo kọ orúkọ rẹ̀ síbí yìí gbangba, nítorí mo ti dàgbà kọjá ẹni tí ń sọ pé "lágbájá kan báyìí". Ní ilé iṣẹ́ tí a ti jọ ṣiṣẹ́ ní Aláúsá, òun ni ọ̀gá, èmi ni mò ń lọ sórí omi. Odidi àsìkò òjò kan ni mo fi jókòó nínú ọkọ̀ lórí ọ̀sà, tí mò ń fa ẹrẹ̀ sókè láti ìsàlẹ̀, tí mò ń rùn bí ẹja àná. Ẹnu ibi tí omi ìdọ̀tí tó ń ṣàn bọ̀ láti Ìkẹjà àti Agége ti ń wọ ọ̀sà ni. Ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń dà nù láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé ti rì síbẹ̀, ó sì ti sùn. Mo ní kí wọ́n má gbẹ́ ibẹ̀ rárá, torí bí ẹ̀rọ bá jí ohun tó sùn yẹn, ẹja á gbé e mì, àwa náà á sì gbé ẹja mì.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Bíyìí dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní òun ti yẹ ibẹ̀ wò, kò léwu. Ó wá nawọ́ sí mi. Ó ní, "Ìyáàfin yìí, ìdọ̀tí ló ń bà á lẹ́rù. Ẹ ṣáà mọ àwọn obìnrin pẹ̀lú ìmọ́tótó." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí wọ́n gbé mi lọ sí yàrá kan tí mo ti ń bójú tó àga àti tábìlì títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sọ pé kí n dárí jì í, ẹ ṣeun, mo ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni mo fẹ́ sọ.

Ìpè

Binta jẹ́ ọmọ Gáḿbíà tó wá kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Èkó. Ilé mi ní Àgídìngbì ló gbé títí ó fi ṣe tán, ó sì gbọ́ Yorùbá dé ibi pé ó lè bá ọlọ́kadà jà. Òun ló tẹ̀ mí láago. Ó ní ilé iṣẹ́ ńlá kan fẹ́ gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi nítòsí abúlé ìyá òun, kí ọkọ̀ òkun ńláńlá lè máa rí ọ̀nà wọlé. Òkun ya wọ ilẹ̀ níbẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ká apá mọ́ ọmọ. Nínú kọ̀rọ̀ omi yẹn ni àwọn obìnrin abúlé ti ń kó ọ́ìsítà, ẹran inú ìkarahun tó máa ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi inú omi iyọ̀. Oko wọn nìyẹn. Bí ẹrẹ̀ bá bò ó, wọn ò ní òmíràn.

"Mọ̀mí, àwọn tó fẹ́ gbẹ́ ẹ ti mú onímọ̀ tiwọn wá," ó ní. "Alikálò, ìyẹn baálẹ̀ wa, ní kí àwọn obìnrin náà mú tiwọn. Ó fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì kó tó gbà tàbí kó kọ̀. Mo ní mo mọ ẹnì kan."

"Ẹni náà ti darúgbó, Binta."

"Ẹrẹ̀ náà ti darúgbó, Mọ̀mí."

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ìyá Súnḿbọ̀, aládùúgbò mi, rí mi níbi tí mo ti ń sá bàtà rọ́bà sóòrùn. "Màmá, Gáḿbíà kẹ̀? Kí ló wà níbẹ̀? Ṣebí Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn ẹgbẹ́ yín ń lọ."

"Àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ fọ ìdí ọmọọmọ nínú òtútù," mo ní. "Èmi, ohun tó wà lórí mi ni wọ́n pè."

Ìyá Súnḿbọ̀ yìí kan náà ló ti sọ fún gbogbo òpópónà wa rí pé ìwé àkàjù ni kò jẹ́ kí ọkọ dúró tì mí. Mo mọ̀ pé yóò ra ìwé yìí. Ẹ kú ìkàwé, mà.

Bánjúlù

Ìdákẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ já mi láyà. Èmi tí mo ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ láti ìgbà tí irun mi ti dúdú, mo rò pé etí mi ti di ni. Mo ní kí Binta sọ̀rọ̀ kí n gbọ́. Ó ní, "Mọ̀mí, etí yín ò ṣe nǹkan kan. Ìlú ló dákẹ́."

Ọ̀gbẹ́ni tó wo ìwé ìrìnnà mi béèrè àlàáfíà mi, ó béèrè ti ilé, ó béèrè ti àwọn ọmọ, ó ní ṣé oorun mi dáa. Ọmọ Èkó ni mí. Mo mọ ibi tí irú ìkíni bẹ́ẹ̀ máa ń já sí lọ́dọ̀ ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́. Mo fún báàgì mọ́ abíyá, mo ní, "Ọmọ mi, kí lo fẹ́ gan-an?" Ojú rẹ̀ fà ro. Kò fẹ́ nǹkan kan. Ó kàn ń kí mi ni. Ojú tì mí títí mo fi dé ibi tí a ti gbé ẹrù.

Èsì ìkíni wọn ló wá wù mí jù lọ. Bí o bá bi àgbàlagbà níbẹ̀ pé ṣé dáadáa ni, kò ní sọ pé a dúpẹ́, kò ní ní àdúrà ń gbà. Yóò kàn ní, "Mo ṣáà wà níbí." Ó tán. Mo ronú nípa rẹ̀ títí. Ẹni tó bá ti rí ohun tí mo ti rí láyé, tó ṣì wà níbí, kí ló tún kù tó fẹ́ sọ? Mo ti ń dá a lóhùn báyìí ní Àgídìngbì. Àwọn èèyàn rò pé mo ń ṣàìsàn.

Ní ilé àlejò tí wọ́n fi mí wọ̀ sí, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí atẹ́gùn òkun fẹ́ sí mi lára. Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi, ní Yorùbá.

"Fọlákẹ́! Ṣé ìwọ rèé? O ò tíì kú?"

Mo yíjú. Bíyìí Ọ̀ṣínlójú ni, nínú ṣòkòtò péńpé, ẹsẹ̀ rẹ̀ tínrín bíi ti lékeléke. Òun ni onímọ̀ tí ilé iṣẹ́ náà mú wá. Nínú gbogbo arúgbó tó wà nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú, òun ni wọ́n rí.

Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, torí wọ́n kọ́ mi nílé. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè. Ṣebí àgbà ló ń ṣáájú."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá sí i. "Ẹnu ẹ ò tíì rọ̀! Kí lo wá ṣe níbí?"

"Ohun tí ẹ wá ṣe ni, sà."

"Ha! Àwọn obìnrin ìkarahun yẹn ló mú ẹ wá? Ó dáa. Máa lọ tú ẹrẹ̀ ẹ. Èmi ti ṣe tèmi tán. Kò léwu."

Ọ̀rọ̀ kan náà ni, láti ẹnu kan náà. Eyín nìkan ló yàtọ̀. Eyín yẹn, rírà ni.

Abọ́ kan

Abúlé náà kò jìnnà sí Bánjúlù. Ìyá Binta, tí wọ́n ń pè ní Nyima, ni olórí àwọn obìnrin tó ń kó ọ́ìsítà. Obìnrin gíga, ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá tí ìkarahun ti fà sí i. Kò gbọ́ òyìnbó púpọ̀, èmi náà kò gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó wò mí láti òkè délẹ̀, tó wá mi orí, mo mọ̀ pé obìnrin tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nípàdé rí ni òun náà.

Ó pe èmi àti Bíyìí jẹun. Abọ́ fífẹ̀ kan ni wọ́n gbé sílẹ̀, ìrẹsì nínú ọbẹ̀ ẹ̀pà, ẹja ńlá láàárín, ọ́ìsítà gbígbẹ ká a lórí bí ìlẹ̀kẹ̀. Gbogbo wa jókòó yí i ká. Ebi ti ń pa mí. Mo na ọwọ́ mi tààrà sí ẹja.

Binta gbá mi lọ́wọ́. "Mọ̀mí! Iwájú yín ni kí ẹ ti máa jẹ."

Nyima sọ nǹkan kan, gbogbo agbo ilé wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Mo ní kí Binta túmọ̀ rẹ̀.

"Wọ́n ní, ṣé ní Èkó, ẹja tó ti kú náà ni wọ́n ṣì ń lé kiri?"

Àṣé ohun tó wà níwájú oníkálukú ni tirẹ̀. Obìnrin tó ni ilé ló ń fi ọwọ́ já ẹja, tó ń jù ú sí iwájú àlejò. Bí o bá ṣe ọmọlúàbí tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹja á ṣe wá bá ọ tó. Mo ká ọwọ́ mi kò. Ẹja dé. Ẹja ń dé. N kò jẹ irú rẹ̀ rí láyé mi, èmi tí mo ti fi ọ̀sà Èkó ṣe ilé oúnjẹ.

Bíyìí ní tirẹ̀ ní kí wọ́n fún òun ní àwo tòun àti ṣíbí. Wọ́n fún un. Wọ́n tún gbé àga fún un lọ sí ẹ̀bá ògiri, wọ́n fi aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀, ọmọbìnrin kan sì ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Ó rò pé wọ́n ń bọlá fún òun ni. Binta sọ fún mi ní etí pé lọ́dọ̀ wọn, aláìsàn nìkan ló ń dá jẹun.

Kò kúkú ṣàìsàn. Ó jẹ ọ́ìsítà inú àwo rẹ̀ tán, ó ní kí wọ́n bu sí i. Kọ̀rọ̀ omi òkè, níbi tí ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ náà fi ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi kò dé, ni wọ́n ti kó o. "Fọlákẹ́," ó ní, "ohun dídùn báyìí wà láyé, a ò mọ̀!"

Nyima ju ẹja mìíràn síwájú mi, ó sì béèrè, láìwo ojú mi, bóyá màá lè gba oko àwọn sílẹ̀. Mo ní kí Binta sọ fún un pé n kò tíì rí omi náà. Mo ní mo máa sọ ohun tí mo bá rí, kódà bí kò bá dùn mọ́ òun. Ó gbọ́. Ó ju ìdajì orí ẹja sí mi. Ẹ mọ̀ pé orí ẹja kò kéré.

Orí omi

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é, torí àwọn èèyàn rò pé idán ni. Ọ̀nà tó yá jù láti mọ̀ bóyá omi ń ṣàìsàn ni àwo funfun. Àwo tánganran tí ìyá yín fi ń bu ọbẹ̀ ti tó. Ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ sọ ọ́ sínú omi, ẹ máa wò ó bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ibi tí ẹ kò bá ti rí i mọ́, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ òòrùn ti ń kú. Bó bá tètè sọnù, ẹrẹ̀ ti pọ̀ nínú omi, ohun tó ń mí nísàlẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrẹ̀ mì.

Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà wà lẹ́nu ọ̀nà kọ̀rọ̀ omi, ó ń gbẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ìdánwò, ó ń pariwo bí ilé ìlọta. Mo bi Bíyìí bó ṣe wọn tirẹ̀.

"Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ló gbé mi. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Omi mọ́ gaara."

"Ṣé omi ń wọlé ni, sà, àbí ó ń jáde?"

"Omi ni omi, Fọlákẹ́."

Binta ní gbogbo ìgbà tí wọ́n gbé e lọ, ìgbà tí òkun ń fa omi jáde ni. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí omi bá ń jáde, ẹrẹ̀ tí ẹ̀rọ rú sókè á bá a lọ sójú agbami, inú kọ̀rọ̀ omi á mọ́, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á ní ayé dára. Ìgbà tí òkun bá ń wọlé padà ni ẹrẹ̀ náà ń bọ̀ wálé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwà ọkọ ọmọ rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ni yóò lọ wò ó.

Mo ní kí wọ́n gbé mi lọ nígbà tí omi ń wọlé. Nyima ló tukọ̀ fúnra rẹ̀. Èmi àti Binta jókòó níwájú, mo wọ bàtà rọ́bà mi, àwo mi wà lórí itan. Atẹ́gùn tútù. Ẹyẹ funfun kan bà sórí igi kan, ó ń wo iṣẹ́ wa bí ọ̀gá. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, Nyima náà sì ń gbè é láìmọ ohun tí mò ń sọ.

Nígbà náà ni a rí i. Ó ń yọ́ bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, ó pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, ó gbòòrò, kò yára, kò sì dúró. Ó wọ kọ̀rọ̀ omi. Ó wọ àárín àwọn igi. Mo sọ àwo mi sílẹ̀, ó sọnù kí omi tó kan ọrùn ọwọ́ mi.

Nyima nawọ́ sísàlẹ̀, ó ṣẹ́ gbòǹgbò kan sókè. Ọ́ìsítà kún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ti wé wọn ní gèlè. Mo fi ọwọ́ irin tí a fi ń bu ẹrẹ̀ fa díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, mo gbé e súnmọ́ imú. Ó dúdú, ó ń dán, ó ń rùn bí epo àti awọ tó rà. Binta ní ibi tí wọ́n ti ń kun ọkọ̀ òkun àti ibi tí wọ́n ti ń pa awọ wà lókè rí, wọ́n ti tì wọ́n kí òun tó dáyé. Mo mọ òórùn náà. Òórùn ẹ̀yìn àwọn ilé iṣẹ́ wa ni, ní Ìkẹjà, lẹ́yìn òjò.

"Mọ̀mí, ṣé ó dáa?" Binta béèrè.

"Kò dáa," mo ní. "Sọ fún ìyá rẹ."

Ó sọ ọ́. Nyima yí ọkọ̀ padà, ó sì ń tù ú bí ẹni tó ń na ẹnì kan.

Abẹ́ igi

Lọ́jọ́ ìpàdé, abẹ́ igi ńlá kan níwájú ilé Alikálò ni gbogbo abúlé kó sí. Wọ́n ń se tíì wọn níbẹ̀, nínú ife kékeré, ó korò bí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ohun tó gbé e wá títí ife àkọ́kọ́ yóò fi yí ká. Bíyìí ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Èmi ń mu tíì mi. Mo ti dúró láti ìgbà tí mo ti wà ní Aláúsá. Ife kan kò lè pa mí.

Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo gbé ẹrẹ̀ dúdú náà kalẹ̀ nínú abọ́, mo ní kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Mo ní ohun tó sùn nísàlẹ̀ yìí, kí wọ́n má jí i. Mo ní ẹni tó bá wọn omi nígbà tó ń jáde nìkan, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́.

Bíyìí dìde. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọkùnrin náà mọ̀rọ̀ sọ. Ó ní òun ti yẹ omi wò, ó mọ́. Ó ní ẹrẹ̀ díẹ̀ kì í pa ẹnikẹ́ni. Ó ní ọ̀rẹ́ òun àtijọ́ ni mí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ pípẹ́ ni ìdọ̀tí ti máa ń bà mí lẹ́rù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń dúró kí wọ́n bá òun rẹ́rìn-ín. Binta túmọ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Alikálò, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń fọ́, gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní àwọn méjèèjì ti kàwé, òun kò kàwé. Ó ní nílẹ̀ àwọn, ẹni tó bá gbẹ́ kànga ni í kọ́kọ́ mu omi rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, kí ẹlòmíràn tó fi ẹnu kàn án. Ó ní òun kò rí ìdí tí ti òkun yóò fi yàtọ̀. Ó yíjú sí ọ̀gbẹ́ni tó ṣojú ilé iṣẹ́ náà. "Bí onímọ̀ yín bá jẹ nínú rẹ̀, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Bí kò bá jẹ, kí ẹ wá gbé ẹ̀rọ yín." Ọ̀gbẹ́ni náà rẹ́rìn-ín, ó ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí wàhálà. Ó ti rí i bí Bíyìí ṣe ń jẹ ọ́ìsítà láti ọjọ́ tó dé.

Nyima dìde. Ó gbé àwo kan wá, ọ́ìsítà sísun láti ẹnu ọ̀nà kọ̀rọ̀ omi, níbi tí ẹrẹ̀ ìdánwò ti bà lé. Ó gbé e ka orí itan Bíyìí, ó fún un ní ṣíbí, nítorí ó mọ̀ pé ó fẹ́ràn ṣíbí.

Bíyìí wo àwo náà. Ó ní òun ti jẹun láàárọ̀. Alikálò ní kò burú, kan ṣoṣo ti tó. Bíyìí ní dókítà òun kò fẹ́ kí òun jẹ iyọ̀. Nyima ní kò sí iyọ̀ níbẹ̀. Bíyìí ní èèwọ̀ ìdílé àwọn ni ní Ìjẹ̀bú. Binta wò mí. Mo ní Ìjẹ̀bú ni mí, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, àfi bóyá èèwọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàárọ̀.

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọ̀gbẹ́ni ilé iṣẹ́ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Bíyìí gbé ọ́ìsítà kan sókè pẹ̀lú ṣíbí, ó gbé e dé ẹnu, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Mo lè ní kó má jẹ ẹ́. Mo pa ẹnu mi mọ́, mo ń wò ó.

Ó sọ ṣíbí kalẹ̀. Ó tẹ̀ sọ́dọ̀ mi títí èjìká rẹ̀ fi kan tèmi, ó sì sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ní Yorùbá, láìsí ohùn ọ̀gá kankan nínú rẹ̀.

"Fọlákẹ́, jọ̀ọ́, bá mi sọ fún wọn. Mi ò lè jẹ ẹ́. Mo mọ ohun tó wà nínú ẹrẹ̀ yẹn."